Orúkọ Kẹtàdínlógún Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Yín

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Adéṣínà, Àkànbí ọmọ mi,

Ara mi le. Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, má wulẹ̀ bi mí ní ti ìyẹn. Mo kí ìwọ àti Yétúndé ìyàwó rẹ. Òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán sí ọ, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá kọ ọ́ sórí fóònù, ìlà méjì péré lo máa kà, wàá sì fi àwòrán ọwọ́ tó ń gbàdúrà dá mi lóhùn. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti àná. Lẹ́ẹ̀kíní, o wà ní ìpàdé. Lẹ́ẹ̀kejì, ìpàdé. Lẹ́ẹ̀kẹta, a sọ̀rọ̀ díẹ̀, o ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú." Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ fẹ́ pín ìrẹsì. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, ohun tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́ tán.

Má rò pé inú mi kò dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ. Nígbà tí o sọ fún mi pé o ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ l'Ékòó, pé ṣọ́ọ̀ṣì kan láàárín ìgboro Ṣàgámù ti fi ọ́ ṣe olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn aláìní, mo jókòó gbìì sórí àpótí ìdáná. Ẹ̀rù bà mí, mo sì dúpẹ́. Mo ní ọmọ tí mo bí ti rántí ẹni tí ebi ń pa. Fídíò ìpín àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó wọ ilé mi lọ́sẹ̀ yẹn tí n kò fi hàn, títí kan obìnrin tó wá ta epo pupa.

Ìgbà kẹrin tí mo wò ó ni ojú mi tó là. Ọkùnrin kan di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ń pe orúkọ. Màmá arúgbó kan dìde, ó ń rọra rìn bọ̀, wọ́n ní kó dúró sórí ìlà ẹfun tí ẹ fà sílẹ̀. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì lé e láyà. Màmá dorí kodò. Ọmọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù yín aláwọ̀ búlúù wá fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ayàwòrán lè rí ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín!" Màmá rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, mo pa fóònù náà.

Síbẹ̀, mo dákẹ́. Mo ní àgbàlagbà ni ọ́, kí n má máa fi báírò pupa tẹ̀ lé ọ káàkiri bí ẹni pé o ṣì wà ní kíláàsì mi. Àná ni n kò lè dákẹ́ mọ́.

Mo lọ sí Ṣàgámù láàárọ̀ àná láti gba gíláàsì ojú mi tuntun. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo rí èrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yín. Èmi náà yà síbẹ̀. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fi gíláàsì náà kà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa gba ìrẹsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ kọ àdúgbò wọn, ẹ sì kọ ohun tó ṣe wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bí ìwé èsì ìdánwò. Orúkọ kẹtàdínlógún: Alhaja Sìdíkátù. Opó. Ojú kò ríran dáadáa. Kò ní olùrànlọ́wọ́.

Ọmọbìnrin méjì wà níwájú mi. Ọ̀kan fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Họ́wù! Alhaja obì nìyí? Èyí tó nílé ní ẹ̀yìn ọjà?" Èkejì ní, "Òun náà ni jàre. Ayé mà ń yí o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ilé Alhaja ni mo gbà lọ. Mo kan ilẹ̀kùn, ó ké láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Yèsí?" Mo ní èmi ni. Kò rí ojú mi, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi, ó ní, "Ìyá Ṣínà! Ẹ wọlé, ẹ wọlé." Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń dirun ló bá a kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. A sọ̀rọ̀ lọ, a sọ̀rọ̀ bọ̀, ó wá bi mí pé, "Wọ́n ní ọmọ yín ni ọ̀gá níbẹ̀. Ṣé wọ́n á pe orúkọ èèyàn síta ni, àbí wọ́n á kàn gbé e féèyàn?"

Èmi tí mo fi ẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùndínlógójì, mo ní màá lọ bèèrè. Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó dì í mú, ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Bí wọ́n bá pè mí, màá dáhùn. Ebi ò mọ alhaja."

O mọ̀ ọ́n sí ìyá olóbì tó máa ń fún ọ ní súìtì nígbà tí o wà ní kékeré. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni màá sọ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni màá kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí o má bàa rò pé orí òkè mímọ́ ni mo wà tí mo ń bá ọ wí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, n kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín. Lẹ́yìn ìkórè, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn èèyàn kó wá síwájú pẹpẹ, a máa ń yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn opó. Kó tó kàn mí, ṣe ni àwọn ìyá àgbà máa ń fi ránṣẹ́ sílé wọn láìpariwo. Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo dé tí mo ní kò mọ́gbọ́n dání bẹ́ẹ̀, pé kí gbogbo ìjọ rí ohun tí à ń ṣe. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé gàgàrà, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń ka Bíbélì, mo fi ohùn mi tó dùn pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọ ń ké "Áámín!" lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni.

Mo pe Màmá Rèbékà. Òun ló máa ń lé orin fún àwọn akọrin obìnrin, aṣọ rẹ̀ kì í rún, bó ti wù kó gbó tó. Ó dìde, ó rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀, ó gba iṣu mẹ́ta. Nígbà tí ìsìn parí, a bá iṣu náà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó tò ó dáadáa. Kò tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́. A gbọ́ pé Ìlárá ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ jọ́sìn. Mo ní màá lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní tí ilé ìwé bá gba ìsinmi. Ọjọ́ tí mo lọ, àga ìsìnkú ni mo bá tí wọ́n ń tò síta.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti ń fi òwe yẹn kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́ kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ayé wá yí kàn mí. O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí bàbá rẹ kú. Ṣàgámù là ń gbé nígbà náà, ilé Alhaja sì ni ilé kejì sí tiwa. Owó oṣù àwa olùkọ́ kò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ta aṣọ òkè ìgbéyàwó mi. Nígbà tó yá, kò sí ohun tó kù láti tà. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé n kò lè padà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ sọ pé ebi ń pa wá? Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ níbẹ̀, ṣebí èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́, ìwọ sì ń rù.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìyá Ṣínà, ẹ jọ̀ọ́, obì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àwọn oníbàárà láti Òkè Ọya ń bọ̀, mi ò sì rẹ́ni bá mi ṣà á. Ṣé ẹ lè bá mi fọwọ́ kàn án?" Apẹ̀rẹ̀ ńlá kan. Kí n ya funfun sọ́tọ̀, kí n ya pupa sọ́tọ̀, kí n ya ńlá kúrò lára kékeré, kí n sì yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Mo gbé e lọ sílé, mo fi ọjọ́ méjì ṣà á, mo gbé e padà. Ó fún mi ní gàrí, ẹ̀wà àti epo, ó ní, "Ẹ gba èrè iṣẹ́ yín." Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún fi apẹ̀rẹ̀ mìíràn ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é fún oṣù mẹ́rin.

O mọ̀ mí, olùkọ́ ni mí, n kò lè ya nǹkan sọ́tọ̀ kí n má kọ orúkọ sí i. Mo máa ń já ìwé kékeré látinú ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, màá kọ "ńlá", màá kọ "kékeré", màá gbé e sórí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ kan, mo da obì tuntun tí Alhaja fi ránṣẹ́ sílẹ̀, mo ń ṣà á, ọwọ́ mi sì ba bébà nísàlẹ̀. Mo fà á yọ. Ìwé ọwọ́ mi ni. "Ńlá."

Obì tí mo ṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, Ṣínà. Kò sí obì tuntun kankan.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bá a lórí ẹní, òkìtì obì méjì wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì rú wọn pọ̀ mọ́ra. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. Mo rí i pé ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó kàn ní, "Ìyá Ṣínà, ẹ ò tíì ṣà á tán?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Alhaja." Mo padà sílé, mo sunkún, mo sì ṣà á tán. Láti ọjọ́ yẹn títí di àná tó di ọwọ́ mi mú, a kò sọ ọ́ síta rí, èmi àti òun.

Ìwọ jẹ nínú gàrí yẹn. O máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé, "Mọ́mì mi ní iṣẹ́ méjì, wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ obì!" O máa ń gbé orí sókè tí o bá ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ sókè fún ọ.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn mi nìyí, mú báírò.

Ìkíní, já ìwé yẹn kúrò lára ògiri lónìí. Má pe ìpàdé lé e lórí. Ọwọ́ rẹ méjèèjì ṣì wà lára rẹ, fi já a.

Ìkejì, gbé ìrẹsì náà lọ bá wọn nílé. Dì í sínú báàgì tí gbogbo ayé fi ń ra nǹkan lọ́jà, kì í ṣe èyí tí ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sí gàdàgbà. Kí ará ilé kejì rò pé ọmọ wọn ló rà á wá láti Èkó. Tí o bá débẹ̀, jókòó díẹ̀, kí o bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ebi ń pa náà ní ohun tó mọ̀ tí ìwọ kò mọ̀. Bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe rí, kí o sì fetí sí i.

Ìkẹta, mo gbọ́ nínú fídíò yẹn pé ẹ kọ́kọ́ fi wákàtí méjì wàásù fún wọn nínú oòrùn. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwàásù yín, n kò ní kọ́ yín níṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Alhaja mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Kò ní kí n kọ́kọ́ wá jókòó síbi wáàsì kó tó fún mi ní gàrí. Bí mo bá wá mọyì Ọlọ́run rẹ̀ lónìí, gàrí yẹn ló fi wàásù fún mi.

Ìkẹrin... Inú tó ń bí mi ti gbé ìkẹrin lọ. Ẹ̀n-ẹ́n, mo rántí. Àwọn kan máa tàn ọ́ jẹ. Wọ́n á gbà lónìí, wọ́n á tún pààrọ̀ gèlè wá gbà lọ́la. Jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ jẹ díẹ̀. Ó sàn kí ẹni tí kò tọ́ sí gba àpò kan, ju kí ẹni tó tọ́ sí fi ìtìjú gbà á. Kí o sì máa tọ́jú díẹ̀ nínú ẹ̀rín tí ò ń rín fún gbogbo Ṣàgámù, kí o mú un dé ilé fún Yétúndé. Kò fẹjọ́ rẹ sùn o, ojú mi ló rí i.

Mo mọ ohun tí o máa fi dá mi lóhùn, torí o ti sọ ọ́ lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn kékeré bí ẹni tó ń pa nǹkan mọ́: "Mọ́mì, àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun fẹ́ rí ojú àwọn tó gbà á. Pásítọ̀ ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́." Mo gbọ́. Ẹ̀rù ń bà ọ́, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà fún ọ. O fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ nítorí èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ya àwòrán àpò ìrẹsì. Ya ọkọ̀ tó gbé e. Ya ara rẹ níbi tí o ti rù ú sórí, kí wọ́n gbé àgbọ̀n tìrẹ sókè. Tí Pásítọ̀ bá bínú, kó bínú sí ọ, o gbọ́njú tó ẹni tí à ń bínú sí. Bó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ ṣì wà, mo ti ní kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì tuntun sí fèrèsé rẹ̀.

Mo ti ra apẹ̀rẹ̀ obì kan. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi báyìí. Funfun àti pupa, ńlá àti kékeré, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ rú wọn pọ̀. Wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì. Gbé e lọ bá Alhaja, dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, kí o ní, "Mọ́mì ní kí ẹ jọ̀ọ́ bá àwọn ṣà á, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣà bíi yín." Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ obì. Gbé ìrẹsì sílẹ̀ níbẹ̀, kí o pè é ní èrè iṣẹ́. Yóò mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀. Má ṣàlàyé kankan fún un, kàn sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa padà wá gbé e.

Bí ọjọ́ Ẹtì bá sì lọ tí n kò rí ọ, mo ti mọ ibi tí mo máa wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màá wọkọ̀ ìdájí wá sí Ṣàgámù. Màá jókòó láàárín àwọn arúgbó yẹn nínú oòrùn, màá gbọ́ ìwàásù yín tán. Nígbà tí ọkùnrin yẹn bá fi ẹ̀rọ rẹ̀ pe Alhaja Sìdíkátù, èmi ni màá dáhùn. Èmi ni màá dúró sórí ìlà ẹfun yẹn. Màá dorí kodò, kí ọmọbìnrin ẹlẹ́wù búlúù yẹn wá fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè níṣojú rẹ. Kí o wá fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí òkè òkun, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá ọ̀gá níbẹ̀ nìyí, ó ti jẹun àánú rí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́.

Ọmọ mi, n kò fi èyí dẹ́rù bà ọ́. Mo pẹ́ dé ilé Màmá Rèbékà. N kò ní pẹ́ dé èyí.

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́, Àkànbí ọkọ mi. Mú ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, apẹ̀rẹ̀ náà wúwo.

Èmi ìyá rẹ ni.